Sísọ ilé àtijọ́ di ilé gbogbo àdúgbò: ìtọ́sọ́nà láti Òṣogbo

Ẹ̀yìn ilé bàbá wa àgbà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni mo wà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, nígbà tí ara ògiri kan bọ́ lulẹ̀ lójú mi, gbì! Amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé náà kọ́ ló kọ́kọ́ bọ́. Sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ẹ ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ni. Ó bọ́ ní odindi bí èèpo iṣu tó jinná, ó sì fa amọ̀ inú dání. Mo ki ìka bọ ibi tó ṣẹ́ kù, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Àwa ọmọ ilé la dá owó ìrẹ́ yẹn jọ, a tiẹ̀ ya fọ́tò níwájú ògiri náà lọ́jọ́ tí bíríkìlà parí iṣẹ́.

Lónìí, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kàwé nínú ilé yẹn lálẹ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin àdúgbò ń ṣèpàdé níbẹ̀, aláró méjì sì ń rẹ aṣọ lágbàlá. Ó gbà wá ní ọdún mẹ́ta. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa ilé àtijọ́. Omi ló ń pa á. Àìsí èèyàn nínú rẹ̀ ni kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè rí omi náà.

Àwa kọ́ la bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Òṣogbo Òròkí o. Ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, ní ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Popular Bar. Òun ló sọ ọ́ di Mbari Mbayo, ibi eré orí ìtàgé àti ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni "mbari"; etí Yorùbá gbọ́ ọ sí "m bá rí, m bá yọ̀", orúkọ bá mọ́ ọn lára. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì Àgùdà (irú èyí tí àwọn tó padà láti Brazil ń kọ́) tó wà lójú ọ̀nà Ìbòkun, tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olóòrìṣà, gbé títí ó fi kú ní January 2009: àlejò ṣì ń lọ wò ó. Ní Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó tó wà ní Broad Street ló di Freedom Park ní ọdún 2010. Níbi tí wọ́n ti ń ti èèyàn mọ́lé tẹ́lẹ̀, orin ni wọ́n ń kọ níbẹ̀ báyìí.

Èèyàn ṣáájú amọ̀

Ẹ má tíì ra àpò sìmẹ́ǹtì kankan. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó máa lo ilé náà.

Àwa fẹ́ẹ́ ṣe mùsíọ́ọ̀mù. A ti ń ka àwo àti agbè tí a máa tò síbẹ̀. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lẹ́nu ọ̀nà wa ló bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ló fẹ́ẹ́ máa wá wo àwo ìyá yín lójoojúmọ́?" Wọ́n ní ohun tí àdúgbò ń wá ni ibi tí iná wà tí ọmọ ti lè kàwé, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́. Mo kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá, mo mú ìwé àjákọ, mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pín ojú ìwé sí mẹ́ta: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ẹni tó bá lóun máa lo ilé náà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí wákàtí tó bá fẹ́, kì í ṣe sí ẹ̀yìn "inú mi dùn sí i". Inú gbogbo èèyàn máa ń dùn sí i. Bí ojú ìwé bá ṣófo ní ibi méjì nínú mẹ́ta, ẹ tún èrò yín pa.

Ẹ wá wo bí ilé náà ṣe rí kí ẹ tó fún un níṣẹ́. Ilé àtijọ́ tiwa sábà máa ń ní páséèjì gígùn láàárín, yàrá kéékèèké ní ọ̀tún àti ní òsì. Yàrá bẹ́ẹ̀ dára fún lẹ́sìn ọmọ, ọ́fíìsì, ilé aránṣọ, tàbí ibi tí nọ́ọ̀sì ti lè máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kò dára fún ìpàdé igba èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ̀ngàn, àgbàlá ni kó lò, kó má wó ògiri méjì kó lè sọ yàrá mẹ́ta di ọ̀kan. Ògiri tó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan yẹn, òun ló gbé àjà dúró.

Ta ló nilé?

Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń dàrú. Lábẹ́ òfin wa, bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ta ilé ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni títà náà. Bí olórí ẹbí pàápàá bá dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Nítorí náà, ẹ má ra, ẹ má tà. Ìwé àdéhùn ni kí ẹ ṣe, pé ẹbí yá àdúgbò ní ilé náà lò fún iye ọdún báyìí, kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí ẹnì kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan (ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan) sì fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́. Ẹ má gbàgbé àwọn tó wà lókè òkun. Àwọn gan-an ló máa ń fi fóònù da iṣẹ́ rú ní oṣù kẹfà.

Ohun kan wà tí ìwé àwọn ayàwòrán ilé kì í sọ: òkú ń bẹ nínú ilé wa. Bàbá wa àgbà sùn sí yàrá kẹta lápá ọ̀tún. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ibi tí ibojì wà àti ibi tí ojúbọ wà, ẹ sàmì sí i kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì. Àwa sọ yàrá yẹn di ibi ìkàwé. A kò gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Kò sì sí ọmọ tó ń pariwo níbẹ̀, bóyá ìwé ló ń mú wọn dákẹ́ o, bóyá bàbá ni.

Bí ìjọba bá ti kéde ilé náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, NCMM. Bó bá sún mọ́ Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó yọ ìṣó kan. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìkéde nìkan tó. Ilojo Bar ní Èkó, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, ti gba ìkéde yẹn láti 1956. Ní September 2016, wọ́n wó o lulẹ̀.

Ẹ wò ó nígbà òjò

Ẹni tó bá wo ilé àtijọ́ nínú ọyẹ́ kò tíì wo nǹkan kan. Ẹ dúró nínú ilé náà nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ibo ló ń jò? Ibo ni omi òrùlé ń já sí? Ṣé omi ojú títì ń ya wọlé? Ní Òṣogbo, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi kátapílà tún ọ̀nà ṣe ni ọ̀nà ń ga sí i tí ilé ń rẹlẹ̀ sí i. Bàbá wa àgbà gun àtẹ̀gùn méjì kí wọ́n tó wọ ilé wọn. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sísọ̀ là ń sọ̀ wọlé.

Ògiri tó bá lanu ni alángbá ń wọ̀, òwe ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu ògiri ló ń sọ ohun kan náà. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ibi tó sán, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ padà wá lóṣooṣù. Èyí tó bá kọjá ìlà ń rìn, ó sì fi hàn pé ìpìlẹ̀ tàbí òrùlé ló ń yẹ̀. Ẹ pe ẹnjiníà. Èyí tí kò bá rìn fún odindi ọdún kan, ara ògbó lásán ni.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo igun. Ẹ fi téèpù wọn yàrá. Ilẹ̀kùn gbígbẹ́, fèrèsé onígi, ọ̀wọ̀n ọ̀ọ̀dẹ̀: ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ sì kó èyí tó bá ti tú sí abẹ́ kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó ń ra ilẹ̀kùn àtijọ́ máa ń tètè gbọ́ òórùn ilé tí wọ́n ń tún ṣe.

Òrùlé àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ògiri èkejì

Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri nítorí ara ògiri ló ń tini lójú. Àṣìṣe ni. Kò sí ohun tí ẹ máa ṣe sí ògiri tó máa dúró bí òrùlé bá ń jò. Oṣù kọkànlá ni kí ẹ ṣí òrùlé, kí páànù padà sórí rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta tó dé. Ẹ má ṣí i tán lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan, ẹ bò ó, ẹ tún ṣí apá mìíràn. Pákó tó bá jẹrà lẹ́nu nìkan, ẹ gé ẹnu yẹn, ẹ lẹ òmíràn mọ́ ọn. Ìrókò àtijọ́ tó le yẹn, owó yín ò lè ra irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Kí ẹnu páànù yọ síta ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ó má máa da omi sí ara ògiri. Páànù òde òní tí wọ́n gé kúrú kó lè bá ojú mu, òun ló ń pa ilé amọ̀.

Lẹ́yìn náà, ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ tó ti kóra jọ sí ẹsẹ̀ ògiri kúrò títí ẹ ó fi rí ibi tí ìpìlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ da orí kọ̀ síta, kí ẹ sì la gọ́tà tó máa gbé omi lọ. Ibi tí omi ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri, ẹ má ṣí i gbọọrọ. Ìwọ̀n mítà kan ni kí ẹ gbẹ́, ẹ fi òkúta àti amọ̀ dí i, ẹ jẹ́ kó gan, ẹ fo mítà kan, kí ẹ tún ṣe èyí tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ padà wá ṣe èyí tí ẹ fò.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé wa ṣe gbẹ láìjẹ́ pé a tíì rẹ́ ohunkóhun.

Amọ̀

Kí ló dé tí sìmẹ́ǹtì fi ba ògiri wa jẹ́? Ògiri amọ̀ ń mí. Omi tó bá wọ̀ ọ́ láti ilẹ̀ tàbí láti inú afẹ́fẹ́ máa ń gba ara rẹ̀ jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì bò ó, omi kò rí ibi gbà mọ́, ó jókòó sẹ́yìn ìrẹ́, ó ń rọ amọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òde ń dán, inú ń jẹrà. Sìmẹ́ǹtì alára kì í ṣe ọ̀tá: Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ọmọ Òṣogbo, fi í ṣe iṣẹ́ ọnà tí gbogbo ayé ń wá wò nínú Igbó Ọ̀ṣun. Gọ́tà, sókáwéè, ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibẹ̀ ni àyè rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ yìí.

Sìmẹ́ǹtì tó bá ti ń dún gbágbá bí ẹ bá kàn án, ẹ yọ ọ́. Èyí tó bá ṣì lẹ̀ dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi tú fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi òòlù gbá a, ògiri ló máa tẹ̀ lé e wá.

Yẹ̀pẹ̀ tó dára jù lọ ni èyí tó ti ara ilé náà bọ́. Ẹ má dà á nù! Ẹ fọ́ ọ, ẹ rẹ ẹ sínú omi. Bí kò bá tó, ẹ wá yẹ̀pẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ ilẹ̀ dúdú, ẹ sì dán an wò báyìí. Ẹ mú ìgò funfun tó lẹ́nu gbòòrò. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ bu omi kún un, ẹ fi iyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, yanrìn á ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ fa ìlà síbẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, èyí tó kúnná jù ú lọ á bà lé e. Ẹ tún fa ìlà. Amọ̀ gangan lè gbà tó odindi ọjọ́ kan kó tó sọ̀ kalẹ̀. Bí ìpele òkè yẹn bá tó ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo yẹ̀pẹ̀ inú ìgò, ó dára. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi yanrìn kún un, torí ó máa sán. Bó bá kéré, kò ní lẹ̀.

Ẹ fi ẹsẹ̀ pò ó pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí ẹ gé kéékèèké, ẹ bò ó, ẹ jẹ́ kó sùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Òórùn rẹ̀ á yí padà, ẹ má bẹ̀rù. Kí ẹ tó rẹ́ ògiri, ẹ fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì lẹ ibì kan tó fara sin. Bó bá sán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, yanrìn kéré. Bó bá ń bú mọ́ yín lọ́wọ́ bí gààrí, amọ̀ kéré. A dán tiwa wò lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti mọ ògiri nígbà èwe rẹ̀ wá jókòó tì wá, wọ́n bu díẹ̀, wọ́n fi há ìka, wọ́n ní, "Ẹ fi ìgò yín sílẹ̀. Ó ku yanrìn agbọ̀n kan." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí irú wọn bá ṣì wà ní àdúgbò yín, ẹ sanwó fún wọn bí ẹ ṣe ń sanwó fún ẹnjiníà.

Ẹ wọ́n omi sí ògiri kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀kínní máa nípọn, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ̀ẹ̀kejì fẹ́lẹ́. Ọyẹ́ máa ń yára gbẹ ìrẹ́ jù, ó sì ń fà á ya, nítorí náà ẹ ta àpò tútù síwájú rẹ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ fi amọ̀ kíkúnná tí ẹ pò mọ́ ìgbẹ́ màlúù pa á kẹ́yìn, bí àwọn ìyá wa ṣe ń palẹ̀.

Ikán

Ẹ fi ọ̀bẹ gún pákó níbi tó ti kan ògiri. Ibi tó bá wọlé bí búrẹ́dì, wọ́n ti wà níbẹ̀. Ẹ tọpa ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ wọn sísàlẹ̀ dé ilẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bá wọn jà, pẹ̀lú ẹni tó mọ oògùn ikán lò. Ẹ má da óìlì kọndẹ́ẹ̀mù sí ẹsẹ̀ ògiri. Ó ń rùn, ó ń ba ilẹ̀ àti kànga jẹ́, ikán á sì yà fún un, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ohun tuntun tó ń wọlé

Iná: ẹ má jẹ́ kí rìwáyà gbẹ́ ògiri amọ̀ láti ri wáyà mọ́ ọn. Kó fi páìpù gbé e sójú ògiri, kó tọ́, ó tán. Sílíìnì àtijọ́ tó dà bí páálí líle lè ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má fọ́ ọ, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Omi: ẹ má gbé táǹkì sórí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì onípákó. Líta ẹgbẹ̀rún kan jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Ẹ ri òpó rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, kó jìnnà sí ògiri. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, ìta ni. Kí sókáwéè jìnnà sí kànga tó mítà 15 ó kéré tán.

Ìwé pẹ̀lú wúwo ju bí a ṣe rò lọ, ìsàlẹ̀ ni kí sẹ́ẹ̀fù wà. Òkè, ìwọ̀nba èèyàn ni; ẹ kọ iye wọn sára ilẹ̀kùn. Kí ọ̀nà àbájáde jẹ́ méjì, kí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ṣí síta, kí ẹnu ọ̀nà kan sì ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé.

Òṣogbo ìlú aró ni wá, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ ti aró. A fẹ́ràn pé kí àwọn aláró wà lágbàlá, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì tí wọ́n dé, ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀yìn ti ń yọ iyọ̀ funfun. Omi aró tó ní kọ́sítíìkì ni wọ́n ń dà síbẹ̀. A ṣe àgbá sìmẹ́ǹtì kan fún un ní ìdí ọ̀gbà, a sì kọ ọ́ sára pákó tí a kàn mọ́ ògiri pé: aró ò gbọdọ̀ kan ibí.

Owó, àti kọ́kọ́rọ́

Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún ìṣirò yín, torí ilé àtijọ́ máa ń fi àrùn kan pamọ́ títí ẹ ó fi ṣí i. Kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí ìwé báǹkì, ọ̀kan nínú wọn láti ìta ẹbí. Kí àwọn tó ń lo ilé máa san nǹkan, bó ti wù kó kéré mọ. Àwọn alájẹṣẹ́kù ló ń ra bọ́ọ̀bù wa.

Àtúnṣe kì í tán. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ yí ilé ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nínú ọyẹ́, ẹ po amọ̀ díẹ̀, ẹ lẹ ibi tó bá ti hó.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta la gé sí ilé náà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ olórí ẹbí wa, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé alájẹṣẹ́kù. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Àwọn ló ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, àwọn náà ló sì rí i lóṣù tó kọjá pé páànù kan ti ṣí lẹ́nu, kó tó di pé omi kan ògiri.